Bí a ṣe ń fi bátìrì ṣe omi fàdákà: iná ni kí ẹ kà, ẹ má wo àwọ̀

Omi fàdákà tí wọ́n ń pè ní colloidal silver kò ju omi mímọ́ tí fàdákà díẹ̀ wọ inú rẹ̀ lọ. Bátìrì mẹ́ta, ọ̀pá fàdákà méjì, ife dígí kan àti omi tí kò ní iyọ̀ kankan nínú ti tó láti ṣe é lórí tábìlì. Ohun tó ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ ni pé ojú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń díwọ̀n rẹ̀. Wọ́n á so wáyà, wọ́n á jókòó tì í, bí omi bá ti yí àwọ̀, wọ́n á ní ó ti jinná. Ojú kò lè ka fàdákà tó wà nínú omi. Iná tó kọjá àti àkókò tó fi kọjá ni a lè kà, àwọn méjèèjì ló sì ń sọ iye fàdákà tó kúrò lára ọ̀pá.

Olùkọ́ kẹ́mísírì la kọ ọ́ fún, àti òbí tí ọmọ rẹ̀ wà ní SS2, àti akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí wọ́n kọ sórí pátákó. Nígbà tí Tai Solarin dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, ó fẹ́ kí ọmọ máa fi ọwọ́ ṣe ohun tó ń kọ́. Láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Ṣágámù, àwọn ọmọ ń há òfin Faraday, èyí tó so iye iná tó kọjá mọ́ iye irin tó yọ́, sórí fún ìdánwò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì rí ibi tí iná ti ń yọ́ irin sínú omi rí. Iṣẹ́ yìí á fi hàn wọ́n, kò sì ní náni lówó ńlá.

A kì í mu ún

Ẹ jẹ́ ká sọ èyí kí a tó dé ọ̀dọ̀ wáyà. Wọ́n ń polówó omi fàdákà kiri pé ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, táífọ́ọ̀dù, àtọ̀gbẹ àti àìsàn mìíràn lóríṣiríṣi. Kò sí èyí tí wọ́n fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀. Ní 1999, àjọ FDA tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kéde pé oògùn colloidal silver tí wọ́n ń tà láìsí ìwé dókítà kò ní ẹ̀rí pé ó ń ṣiṣẹ́, kò sì ní ẹ̀rí pé kò léwu. Ohun tó dájú ni ohun tó ń ṣe sí awọ ara. Fàdákà máa ń kó jọ sábẹ́ awọ, ìmọ́lẹ̀ oòrùn á sọ ọ́ di dúdú, ara á wá rí bí aṣọ funfun tí wọ́n rì sínú aró. Aró aṣọ ṣì máa ń ṣí. Eléyìí kì í ṣí. Stan Jones, olóṣèlú kan ní Montana ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é nílé ní 1999, ó sì ń mu ún. Awọ rẹ̀ di aláwọ̀ búlúù bí eérú.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé omi mímu lè gba fàdákà tó 0.1 mílígíráàmù nínú lítà kan láìsí ewu. Omi tí a fẹ́ ṣe yìí, 10 mílígíráàmù ló wà nínú lítà rẹ̀ kan, ìyẹn ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Fàdákà tún lè dí àwọn oògùn kan lọ́wọ́ nínú ara, irú bí tetracycline, ciprofloxacin àti oògùn ẹṣẹ́ ọ̀fun (thyroid) tí wọ́n ń pè ní thyroxine. Ẹ má fi fọ ojú, ẹ má fi sí etí ọmọ, ẹ má sì dà á sí ojú egbò. Ìpara tí ilé ìwòsàn ń fi sí ojú ibi tí iná jó, silver sulfadiazine, yàtọ̀ pátápátá: ilé iṣẹ́ apòògùn ló ṣe é, dókítà ló sì ń pàṣẹ bí a ṣe máa lò ó. Ẹ kọ KÌ Í ṢE MÍMU gàdàgbà sára ìgò yín kí ẹ tó da ohunkóhun sí i, ẹ má sì lo ife tí yóò padà sí ilé ìdáná.

Fàdákà

Fàdákà tí kò lábùlà ni kí ẹ wá, èyí tí wọ́n tẹ 999 tàbí 9999 sí lára. Ọ̀pá tó nípọn tó mílímítà kan àbọ̀, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15, dára púpọ̀. Ẹyọ kan á wọ̀n tó gíráàmù 3. Bí ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ góòlù lẹ bá ti fẹ́ fà á, ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó má fi bàbà sí i. Ó ti mọ́ wọn lára láti lú bàbà mọ́ fàdákà nítorí fàdákà nìkan rọ̀ jù fún òrùka àti ẹ̀gbà, nítorí náà bí ẹ kò bá sọ̀rọ̀, ó lè ṣe é bó ṣe máa ń ṣe é.

Àwọn ìyá àgbà Rẹ́mọ tí wọ́n ṣòwò obì fi ṣílè sílẹ̀ nínú àpótí, àwọn ọmọ-ọmọ sì máa ń rò pé fàdákà gidi ni. Ṣílè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n rọ ṣáájú 1920, 92.5 nínú 100 rẹ̀ ni fàdákà, bàbà ló pọ̀ jù nínú ìyókù. Láti 1920 títí di 1946, fàdákà inú rẹ̀ kò ju ìdajì lọ. Láti 1947, kò sí fàdákà nínú rẹ̀ mọ́ rárá. Bàbà máa ń wọ inú omi bí fàdákà ṣe ń wọ̀ ọ́, ìṣirò yín á sì dà rú. Ẹ fi ṣílè ìyá àgbà sílẹ̀ níbi tó wà, àti ṣéènì tí wọ́n fi lọ sí Ojúde Ọba pẹ̀lú.

Omi

Ibí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. Omi ẹ̀rọ, omi kànga, omi bọ̀họ̀ àti píọ̀ wọ́tà inú ọ̀rá, gbogbo wọn ló ní iyọ̀ nínú. Bí iyọ̀ bá pàdé fàdákà, á di èérí funfun tí kì í yòrò. Omi òjò tó gba orí páànù kọjá ti kó eruku àti ìpẹtà. Omi tó ń kán láti inú ẹ̀rọ amúlétutù dà bí ẹni mọ́, ṣùgbọ́n ó ti fọ eruku àti irin inú ẹ̀rọ náà wá.

Distilled water la fẹ́. Wọ́n ń tà á fún bátìrì ínfátà, ẹ ó sì rí i ní Òkè-Àje ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ní ọjà Àwólọ́wọ̀ ní Ṣágámù. Ẹ ṣọ́ra gidigidi tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń sọ bátìrì jí. Ohun tí àwọn kan ń pè ní omi bátìrì, áásìdì ni. Ìgò méjèèjì lè jọ ara wọn. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, ẹ má ra èyí tí kò ní ìwé lára, ẹ má sì fi imú tàbí ahọ́n dán an wò. Bí ẹ bá ní mítà TDS tí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ omi fi ń ka iyọ̀ inú omi, omi tó dára á fi 0 tàbí 1 hàn. Bó bá ti ju 3 lọ, ẹ dá a padà.

Iná

Bátìrì onígun tí wọ́n ń fi sínú máìkì ṣọ́ọ̀ṣì, tó ní fólìtì 9, ẹ mú mẹ́ta. Ẹ kàn wọ́n mọ́ra, pọ́sítíìfù ọ̀kan mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù èkejì, kó di fólìtì 27. Kò pọn dandan kó jẹ́ tuntun. Èyí tí máìkì ti kọ̀ ṣì lè ní fólìtì 7 nínú, iṣẹ́ yìí kò sì mu iná tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má so ju mẹ́rin lọ.

Ẹ má fi iná NẸ́PÀ ṣe é lọ́nàkọnà. Ẹ má já wáyà inú ṣájà tàbí ti tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń kì bọ ògiri láti fi ṣe é. Nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú, ohun tó ya iná ògiri sọ́tọ̀ kúrò lára ọwọ́ yín lè má sí rárá, omi sì wà lórí tábìlì. Bátìrì kò lè pa ẹnikẹ́ni níbí, ìdí sì nìyẹn tí ọmọ fi lè bá yín ṣe é.

Ẹ nílò rẹsísítọ̀ kan tó jẹ́ kílò-óòmù 10. Àtúnrédíòṣe á yọ ọ́ fún yín lára pátákó rédíò tó ti kú. Ilà ara rẹ̀ á tò báyìí: àwọ̀ igi, dúdú, àwọ̀ ọsàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti di iná mú nígbà tí omi bá ti ń gba iná kọjá dáadáa. Láìsí i, fàdákà á máa já bọ́ ní òṣùṣù bí èérí, kò sì ní dúró nínú omi. Níkẹyìn, mítà oníná, èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ń kó sápò. Ẹ yí i sí 2000µ ní apá DC tí wọ́n fi ń ka ámpù, kí ẹ sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí mítà bá wà ní ibẹ̀, tí ẹ bá fi kan orí bátìrì méjèèjì láti wo fólìtì, fíúsì inú rẹ̀ lè jó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ ju ohunkóhun lọ nínú kíláàsì.

Bí a ṣe ń tò ó

Ẹ wá ife dígí tó gba ìdajì lítà. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi omi ẹ̀rọ ṣàn án, lẹ́yìn náà ẹ fi distilled water díẹ̀ ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì. Ọṣẹ tó kù sínú ife àti òógùn àtẹ́lẹwọ́ ní iyọ̀, nítorí náà ẹ fi tíṣù mú ọ̀pá fàdákà, ẹ má fi ìka bà á níbi tí yóò wọ omi.

Ẹ lu ihò méjì sí ìdérí ike áíìsìkírìímù, kí sẹ̀ǹtímítà 4 wà láàrin wọn. Ẹ ki ọ̀pá méjèèjì bọ̀ ọ́ kí sẹ̀ǹtímítà 8 lọ sínú omi. Kí wọ́n dúró ṣánṣán, wọn ò gbọdọ̀ kan ara wọn. Kílíìpù tó di ọ̀pá mú gbọ́dọ̀ wà lókè ìdérí. Bí eyín rẹ̀ bá kan omi, irin àti bàbà ara rẹ̀ ni iná á kọ́kọ́ yọ́.

Wáyà láti orí pọ́sítíìfù bátìrì lọ sí rẹsísítọ̀, láti rẹsísítọ̀ lọ sí mítà, láti mítà lọ sí ọ̀pá kìíní. Ọ̀pá kejì padà sí nẹ́gẹ́tíìfù. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sójú okùn kan.

Tí ẹ bá so ó tán, nọ́ńbà orí mítà á kéré débi pé ẹ ó rò pé kò ṣiṣẹ́: bí 0.15 mílíámpù, tí mítà á kọ ní 150. Omi tó mọ́ kì í fẹ́ gba iná kọjá. Ẹ mú sùúrù. Fàdákà àkọ́kọ́ tó wọ omi ni yóò ṣí ọ̀nà fún èyí tó ń bọ̀, iná á sì máa gòkè. Àwọn kan máa ń bu iyọ̀ sí i kó lè yá. Ìyẹn ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí ẹ bá ń kánjú, ẹ bu ṣíbí méjì nínú èyí tí ẹ ti ṣe tẹ́lẹ̀ sí i. Bí nọ́ńbà bá sì bẹ̀rẹ̀ láti 1000 lójú ẹsẹ̀, omi yín kò mọ́. Ẹ dà á nù.

Ìṣirò

Bí 1 mílíámpù bá kọjá fún wákàtí kan, 4.02 mílígíráàmù fàdákà ló kúrò lára ọ̀pá pọ́sítíìfù. Nọ́ńbà yìí kò yí padà, ìbáà jẹ́ ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Jámánì, nítorí inú òfin Faraday ló ti jáde: ìwọ̀n ámpù lọ́nà ìṣẹ́jú-àáyá, lọ́nà 107.87 (ìwọ̀n átọ́ọ̀mù fàdákà), ká pín in sí 96,485 (nọ́ńbà Faraday); gíráàmù ló máa bọ́ sí.

A fẹ́ 10 mílígíráàmù nínú lítà kan. Ìdajì lítà ló wà nínú ife, nítorí náà mílígíráàmù 5 là ń wá. Ká pín 5 sí 4.02, 1.24 la ó rí: ìyẹn ni mílíámpù-wákàtí tó gbọ́dọ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n iná kì í dúró lójú kan, ó ń gòkè ni, torí náà kí ọmọ kan jókòó ti mítà pẹ̀lú bíírò àti ìwé, kó máa kọ nọ́ńbà sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Lẹ́yìn ààbọ̀ wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹ wá ìpíndọ́gba rẹ̀, ẹ sì dá a sí méjì.

Ká ní ìpíndọ́gba ààbọ̀ wákàtí mẹ́rin àkọ́kọ́ jẹ́ 0.2, 0.4, 0.6 àti 0.8 mílíámpù. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 2.0, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 1.0 mílíámpù-wákàtí. Ó ku 0.24. Tí iná bá ti wà ní 0.9 báyìí, ìṣẹ́jú 16 ni yóò parí rẹ̀. Ẹ já wáyà ní wákàtí 2 ó lé ìṣẹ́jú 16. Fún ẹni tó bá lo ọ̀pá kékeré tàbí bátìrì tó ti rẹ̀, àkókò á gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n 1.24 ni kó dé kó tó dúró.

Gbogbo fàdákà tó kúrò lára ọ̀pá kọ́ ló ń dúró nínú omi. Díẹ̀ á lọ lẹ̀ mọ́ ọ̀pá kejì, díẹ̀ á sì jábọ́ sí ìsàlẹ̀. Nítorí náà mílígíráàmù 5 ni òpin. Ohun tó wà nínú omi kéré sí i. Nọ́ńbà mítà TDS kì í ṣe ìwọ̀n fàdákà, iyọ̀ ni wọ́n ṣe é fún, ẹ kàn fi wò ó bóyá ó ń gòkè ni.

Ẹ má lépa 50 tàbí 100. Fàdákà tó wà nínú omi lásán báyìí kì í ju bí mílígíráàmù 12 tàbí 13 lọ nínú lítà kan kó tó di òṣùṣù dúdú tó ń rì. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun fi bátìrì àti omi nìkan ṣe 500, ẹ béèrè bó ṣe kà á.

Ohun tí ẹ ó rí

Ẹ pa iná yàrá, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ ife. Láàrin ààbọ̀ wákàtí, ìkùukùu tín-ín-rín kan á máa já lára ọ̀pá pọ́sítíìfù, á máa rọ̀ wálẹ̀ bí èéfín tùràrí tó gbàgbé ọ̀nà òkè. Dídán ọ̀pá náà á kú, á ṣú bí òjé. Lára ọ̀pá nẹ́gẹ́tíìfù, àwọn ìlẹ̀kẹ̀ afẹ́fẹ́ kékeré á tò, háídírójìn ni. Kò tó ohun tó lè gbaná. Lẹ́yìn wákàtí kan, irun dúdú wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ á hù sára rẹ̀ bí ewédò tó lẹ̀ mọ́ òkúta odò. Fàdákà tó rìn láti ọ̀pá kìíní tó wá padà di irin ni irun yẹn. Bó bá gùn, á já bọ́ sínú omi, á sì sọ ọ́ di eérú.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi igi dígí tàbí ṣíbí ike ro omi náà jẹ́jẹ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Bí irun bá pọ̀, ẹ já wáyà, ẹ fa ọ̀pá jáde, ẹ fi tíṣù funfun nù ún, ẹ fi distilled water ṣàn án, kí ẹ tó dá a padà. Ẹ tún lè yí wáyà padà ní ààbọ̀ wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí pọ́sítíìfù di nẹ́gẹ́tíìfù. Irun náà á yọ́ padà, ọ̀pá méjèèjì á sì máa jẹ bákan náà. Kànìnkànìn onírin kò gbọdọ̀ kan ọ̀pá fàdákà láéláé.

Bí omi bá di eérú tàbí dúdú, iná pọ̀ jù, tàbí ọ̀pá sún mọ́ra jù, tàbí ẹ ò rò ó. Bó bá ní àwọ̀ ewé tàbí búlúù, bàbà lè ti wọ inú rẹ̀. Bó bá funfun bí omi ẹ̀kọ láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, iyọ̀ ni. Bí iná kò bá gòkè lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ wo orí bátìrì, ẹ wo eyín kílíìpù, ẹ wo fíúsì mítà. Omi tó dára kò ní àwọ̀ rárá nígbà tí ẹ bá parí, èyí sì máa ń ya àwọn tó ń retí àwọ̀ wúrà lẹ́nu.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ ní ti gidi

Ẹ bu díẹ̀ sínú ife kékeré, ẹ fi aṣọ dúdú sẹ́yìn rẹ̀, ẹ ju ìpìnṣín iyọ̀ ọbẹ̀ kan sí i, ẹ rò ó. Ìkùukùu funfun tó fẹ́ jọ búlúù á bo inú omi. Fàdákà tó ti yòrò, tó wà ní áyọ́nù (átọ́ọ̀mù tó ní agbára iná lára), ló fi ara hàn yẹn, òun ló sì pọ̀ jù nínú gbogbo ohun tí bátìrì ń ṣe. Ẹ gbé ife náà sínú oòrùn ọ̀sán. Díẹ̀díẹ̀, funfun yẹn á ṣú, á di àwọ̀ eérú tó fẹ́ jọ àlùkò. Ohun kan náà ló wà lára bébà àwọn onífọ́tò àtijọ́ tí wọ́n fi ń wẹ fọ́tò nínú yàrá òkùnkùn, ohun kan náà ló sì ń ṣẹlẹ̀ sábẹ́ awọ ẹni tó bá ń mu ún. Fún kíláàsì, ibí yìí ló dùn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà.

Kólọ́ìdì gidi, ìyẹn ègé fàdákà tó kéré ju ohun tí ojú lè rí, la ó fi gúlúkóòsì ṣe. Ẹ bu ìdajì ohun tí ẹ ṣe sínú ife mìíràn, ẹ fi ìpìnṣín sódà ìfọṣọ kékeré kan sí i, sodium carbonate ni kó jẹ́, kò gbọdọ̀ jẹ́ páúdà ọṣẹ. Ẹ fi ìpìnṣín gúlúkóòsì D kan tẹ̀lé e. Ẹ gbé ife náà sínú ìkòkò omi gbígbóná tí kò tíì hó, ẹ máa rò ó. Omi á pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí omi oyin. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì léésà gba inú rẹ̀ kọjá nínú òkùnkùn: ilà iná á hàn gbangba láti etí kan dé èkejì. Nínú omi tí kò tíì gba gúlúkóòsì, ilà náà á ṣókùnkùn tàbí kó má hàn rárá. Léésà kò gbọdọ̀ kan ojú ẹnikẹ́ni.

Ìpamọ́ àti ìdànù

Èyí tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú, ìgò dígí aláwọ̀ igi ni kó wà, nínú kọ́bọ́ọ̀dù, pẹ̀lú ìdérí ike. Ìdérí irin á fa fàdákà mọ́ra, oòrùn á sọ ọ́ di dúdú. Bó bá ti ní òṣùṣù ní ìsàlẹ̀, ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ má dà á sí gọ́tà tó ń ṣàn lọ sí odò tàbí adágún ẹja. Fàdákà burú fún ẹja ju bó ṣe burú fún ènìyàn lọ, àwọn tó ń sin ẹja sì pọ̀ ní agbègbè wa, ẹ wo Ẹ̀rìwé, abúlé àwọn tó ń sin ẹja lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ bu ṣíbí iyọ̀ kékeré kan sí gbogbo èyí tó kù, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí funfun náà lè rọlẹ̀, ẹ wá fi tíṣù onípele mẹ́rin sẹ́ ẹ. Ẹ di tíṣù náà sínú ọ̀rá fún ọkọ̀ pàǹtírí, kí ẹ da omi tó sẹ́ jáde sílẹ̀ níbi tí kò sí ohun ọ̀gbìn. Ọ̀pá fàdákà, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi bébà wé e. Mílígíráàmù 5 péré ló ń kúrò lára rẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Gíráàmù 3 yẹn á ṣe é fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún kíláàsì.